Dókítà Àwọn Onítírélà

"Má jẹ́ kí wọ́n rí àpò ọsibítù yẹn lọ́wọ́ ẹ o."

Ọ̀rọ̀ tí Ọláṣùpọ̀ sọ kẹ́yìn fún Kànmí nìyẹn. Kò súre. Kò sọ pé ó dìgbà. Kò sọ ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí. Àpò ọ̀rá funfun tí wọ́n kó oògùn sí, tí wọ́n kọ orúkọ ọsibítù sí lára gàdàgbà gadagba, ìyẹn ló ká a lára. Kànmí ká a mọ́ abẹ́ ẹ̀wù, ó jáde lọ ra omi. Kó tó padà dé, wọ́n ti fa aṣọ bo ojú Ọláṣùpọ̀.

Ẹni tí kì í ṣe ará Ajégúnlẹ̀ á ní, kí ló dé tí àgbàlagbà tó ń kú lọ ń sá fún ọ̀rá lásánlàsàn? Ìdí wà.

Àbúrò bàbá Kànmí ni Ọláṣùpọ̀, Bọ̀ọ̀dá ni Kànmí ń pè é. Òun ló mú Kànmí sọ́dọ̀ nígbà tí bàbá ọmọ náà kú, nínú yàrá kan lẹ́yìn ọjà Bọ́ńdìrì. Kànmí ò kàwé jìnnà. Kò tíì ní irùngbọ̀n tó ti di mọ́tòbọ́ì lára tírélà. Ọláṣùpọ̀ ní tiẹ̀, akọ̀wé tálì ni ní wáàfù Àpápá. Tálì ni ẹni tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi, tó ń ka ẹrù bó ṣe ń jáde. Nínú eruku sìmẹ́ǹtì, láàárín àwọn tó bọ́ra sílẹ̀, òun nìkan ló ń de táì.

Lọ́dún 2006, ìjọba fa èbúté lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Wọ́n ní kí àwọn tálì máa lọ sílé. Ọláṣùpọ̀ lọ sílé. Táì ò lọ. Àràárọ̀ ló ń dè é, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, á máa ka kọ̀ǹténà tó ń kọjá. Kò sẹ́ni tó rán an.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n rí àtọ̀gbẹ lára ẹ̀. Ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá náà pọ̀. Dókítà ọsibítù kọ oògùn oníhóró fún un. Ó ní ojoojúmọ́ ni, kò gbọ́dọ̀ pa á jẹ. Ó ní kó dín ẹ̀bà kù.

"Títí dìgbà wo?" ni Ọláṣùpọ̀ bi í.

"Títí ayé ni, bàbá."

Nígbà tó délé, inú ń bí i. "Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mi ò sọ̀rọ̀. Wọ́n tún fẹ́ gba ẹ̀bà."

Ìgbà tọ́rọ̀ rí báyìí ni Màdáámù Morìnsọ́lá yọ. Lọ́fíńdà ẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, kí òun fúnra ẹ̀ tó dé. Aṣojú kọ́ńpìnnì kan tó ń ta oògùn ewé ni, ipò ẹ̀ sì ni Ìràwọ̀ Méje. Ó ń kọjá lọ ni, ó rí ọkùnrin tó de táì sórí bẹ́ǹṣì láìní ibì kankan tó ń lọ. Ó dúró.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ ẹni tó lè dúró níwájú èrò."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e ní wáàfù, kò sẹ́ni tó sọ irú ẹ̀ fún Ọláṣùpọ̀. Ó tún táì ṣe. "Irú èrò wo?"

Ike aláwọ̀ ewé ni oògùn náà wà. Ṣúgárẹ́sì lorúkọ ẹ̀. Ewúro, aáyù àti mòríńgà ni, wọ́n sá a, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n rọ ọ́ sínú kápúsù. Ó ń lé ṣúgà, ó ń fọ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń gbé ẹni tó ń tà á lọ sókè òkun fún ìsinmi. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni Màdáámù sọ jù.

"Bọ̀ọ̀dá," Kànmí ní, "ṣé kì í ṣe irú ewúro tí ewúrẹ́ ń jẹ lẹ́yìnkùlé wa náà nìyí?"

"Ta ló wọ ìbọ̀wọ́ já ti ẹ̀yìnkùlé?" Ọláṣùpọ̀ bi í. "Dá mi lóhùn. Ewúro yẹn ò ní sáyẹ́ǹsì."

Kànmí yí ike náà lọ́wọ́. Wọ́n kọ nǹkan sísàlẹ̀ ẹ̀ wínníwínní. Ó pẹ́ kó tó kà á tán. "Wọ́n ní kì í ṣe fún wíwo àrùn kankan sàn."

"Ìrẹ̀lẹ̀ nìyẹn. Òyìnbó kì í fọ́nnu."

Kọ́ńpìnnì ní òfin kan: ẹni tó bá fẹ́ tà gbọ́dọ̀ jẹ́rìí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Ìjọra. Màdáámù máa ń ní, "Ẹ̀rí lọjà. Ike kàn ń sìn ín lọ ni." Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé Ọláṣùpọ̀ lọ́wọ́, kò tíì lo ju kápúsù Ṣúgárẹ́sì kan lọ. Ó wo èrò. Èrò wò ó. Ohun tó ti wà nínú ẹ̀ láti wáàfù bá tú jáde.

"Oògùn ọsibítù," ó ké, "mo dà á sí gọ́tà!"

Gbọ̀ngàn mì tìtì. Obìnrin kan ń jó. Ẹnì kan fi ìnujú nu iwájú orí Ọláṣùpọ̀ fún un.

Nígbà tí wọ́n délé, ó fa oògùn ọsibítù yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi omi lé e.

Kànmí ń wò ó. "Ẹ ní ẹ ti dà á nù."

"Ẹ̀rí ni mo jẹ́," Ọláṣùpọ̀ dáhùn. "Mi ò sọ pé orí mi dàrú."

Bó ṣe di pé ó ń ta ewé, tó ń lo ti ọsibítù nìyẹn. Kò lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀ mọ́. Kànmí ló ń bá a gbà á. Ara ẹ̀ dá. Ojú ẹ̀ ń dán. Gbogbo àdúgbò wò ó, wọ́n ní oògùn ewé yìí mà dáa o. Ọsibítù ń ṣe é, ewé ń gba ọpẹ́ ẹ̀.

Orí bíríìjì ló ti lówó lọ́wọ́, tó sì ti gbayì. Àwọn onítírélà tó ń bọ̀ wá gbẹ́rù ní Àpápá máa ń tò látòkè Ìjọra títí dé ẹnu géètì. Ẹlòmíì á lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìlà. Tó o bá sọ̀ kalẹ̀, tí ìlà sún, ẹni ẹ̀yìn á yà ẹ́ sílẹ̀, o di ará ẹ̀yìn pátápátá. Wọn kì í sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń sanra. Búrẹ́dì àti mínírà láàárọ̀, mínírà àti búrẹ́dì lálẹ́. Ṣúgà ríbi dúró sí. Wọn ò lè lọ ọsibítù, ọsibítù ò sì lè gun bíríìjì.

Ọláṣùpọ̀ lè gùn ún.

Á de táì, á gbé báàgì, á máa kan ilẹ̀kùn tírélà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Dókítà ti dé o!" Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ẹ̀ ni Ebikabowei, ọmọ Bàyélsà, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó gbọ́ Yorùbá ju àwa tá a ni ín lọ. Kànmí ti bá a ṣe mọ́tòbọ́ì rí. Lọ́jọ́ kan, tí Kànmí ò ríṣẹ́, ó bá Bọ̀ọ̀dá gbé báàgì débẹ̀.

"Dókítà! Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń jó bí ẹni tẹ iná."

"Ṣúgà ló ń pọ̀kàkà ikú yẹn."

"Ojú mi náà ń ṣe bàìbàì."

"Ó ń wá ibi tó máa gbà jáde ni."

Ebikabowei rẹ́rìn-ín. Ó fa ìdì oògùn ọsibítù kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. "Èyí ńkọ́? Kí n ṣì máa lò ó?"

Ọláṣùpọ̀ wo Kànmí. Kànmí wo ọ̀sà.

"Wò mí," Ọláṣùpọ̀ ní. "Wò mí dáadáa, láti òkè délẹ̀. Ṣé mo jọ ẹni tó ń lo ti ọsibítù?"

Ebikabowei wò ó. Ó wo táì. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán. Ó ju ìdì oògùn náà gba ojú fèrèsé, ó bọ́ sínú omi lábẹ́ bíríìjì.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, Kànmí ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọkùnrin yẹn gbà yín gbọ́ o."

"Ṣé mo ní kó jù ú nù? Mo ní kó wò mí ni."

Nígbà tó yá, kọ́ńpìnnì dá Ọjọ́ Mítà sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ Ìràwọ̀ Márùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n gún òun níka níwájú èrò, kí wọ́n fi mítà wo ṣúgà ẹ̀. Ọláṣùpọ̀ ò jẹun láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ó lo oògùn ọsibítù ní kùtùkùtù, ó tún gbé ìyókù sápò ṣòkòtò, bó bá di dandan. Nọ́ọ̀sì tó gún un níka ni Bernice. Iṣẹ́ ọsibítù ni iṣẹ́ ẹ̀, àmọ́ abẹ́ Ọláṣùpọ̀ ló ti ń ta ewé. Ọsibítù tí Kànmí ti ń gba oògùn gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́.

Bernice gbé mítà sókè. "Ó mọ́ kedere!"

Wọ́n gbé Ọláṣùpọ̀ lé èjìká. Wọ́n fún un ní bàtà aláwọ̀ pupa, imú ẹ̀ gùn bí imú ìkòokò. Wọ́n ya fótò ẹ̀, wọ́n fi ṣe bánà, wọ́n fi kọ́ òpó iná ní Bọ́ńdìrì, ní Ìjọra, ní Badíà, wọ́n tún fi ọ̀kan kọ́ ìdojúkọ géètì ọsibítù. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ ni pé: MO BỌ́ LỌ́WỌ́ ÀTỌ̀GBẸ.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Oògùn abẹ́ ìrọ̀rí tán, Kànmí ní òun fẹ́ lọ gba òmíràn.

"Bernice ti mọ̀ ẹ́ sí ọmọ mi," Ọláṣùpọ̀ ní. "Tó bá rí ẹ níbẹ̀, a gbé."

"Màá lọ ra á ní ṣọ́ọ̀bù oògùn."

"Ta ni ò mọ̀ mí ní Ajégúnlẹ̀ yìí? Wọ́n á bi ẹ́ pé ta ló fẹ́ lò ó."

"Ọsibítù míì wà, Bọ̀ọ̀dá."

"Fótò mi wà lórí òpó níbẹ̀ náà."

Ó gbé ike Ṣúgárẹ́sì kan, ó yí i lọ́wọ́. "Àbí ewé yìí náà ló ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀yin náà ti gbà á gbọ́?"

"Kànmí, gbogbo àwọn èèyàn yẹn ò lè máa purọ́."

"Ẹnu yín ni wọ́n ti gbọ́ ọ."

"Ìyẹn gan-an ni mò ń wí. Ṣé mo jọ òpùrọ́ ni?"

Báyìí ni Ọláṣùpọ̀ ṣe di oníbàárà ara ẹ̀. Ó ń lo Ṣúgárẹ́sì láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ń rù. Màdáámù Morìnsọ́lá ní ọ̀rá búburú ló ń yọ́. Ó ń tọ̀ ṣáá. Màdáámù ní ìdọ̀tí ló ń jáde. Kò sí nǹkan tó lè ṣe èèyàn tí Màdáámù ò ní fi yin oògùn náà.

Bàtà onímú gígùn yẹn wá ha á lẹ́sẹ̀. Ó gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín. Kò mọ̀ ọ́n lára, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kú tipẹ́. Òórùn ló kọ́kọ́ sọ fún Kànmí. Ó ní kí Bọ̀ọ̀dá bọ́ bàtà, Bọ̀ọ̀dá ò bọ́ ọ. Ó fi lọ́fíńdà sínú ìbọ̀sẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, Kànmí ò fẹ́ nǹkan míì láyé ju kí Bọ̀ọ̀dá dé ọsibítù. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó bínú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"O fẹ́ ba ọjà mi jẹ́!"

"Ẹsẹ̀ yín ló ń bàjẹ́, Bọ̀ọ̀dá."

Nígbà tó pẹ́, ó gbà. Wọ́n lọ sí ọsibítù kan tó jìnnà. Ó dé fìlà dé ojú, ó wọ awò dúdú, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ó sì de táì. Wọn ò tíì jókòó dáadáa sórí bẹ́ǹṣì tí obìnrin kan fi kígbe.

"Háà! Àbí ẹ̀yin kọ́ ni Dókítà orí bánà yẹn?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú. Kànmí rí i bí ẹ̀yìn Bọ̀ọ̀dá ṣe nà ṣánṣán.

"Èmi ni."

"Ẹ wá wo aláìsàn ni, sà?"

"Mo wá wò wọ́n ká."

Ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣàlàyé ewúro, ó ṣàlàyé aáyù. Bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń mi orí. Ẹni tó mú owó káàdì wá ń wo owó náà, ó ń wo Dókítà. Nọ́ọ̀sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọláṣùpọ̀!"

Ó ń bá àlàyé aáyù lọ.

"Ọláṣùpọ̀ dà?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni ń bá nọ́ọ̀sì wá a. "Ó dà bíi pé ẹlẹ́yìí ò tíì dé, mà."

"Bọ̀ọ̀dá," Kànmí rọra pè é.

"Dìde, ká lọ."

Wọ́n padà sílé. Ọláṣùpọ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ́nà: ó ní àwọn èèyàn ibẹ̀ gbọ́ àlàyé gan-an, àyè ọjà wà níbẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, kò lè dìde mọ́. Ara ẹ̀ gbóná, ó ń sọ kántankàntan, ó ń ka kọ̀ǹténà. Kànmí ò tún bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbé e pọ̀n, ó gbé e jáde lọ́sàn-án gangan, àdúgbò ń wò wọ́n. Ní ọsibítù, wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn máa gé ẹsẹ̀ náà, wọ́n tún wá ní ó ti pẹ́ jù, májèlé ti wọ ẹ̀jẹ̀. Ara rọ̀ ọ́ díẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó sọ fún ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé oníbàárà kan lòun wá bẹ̀ wò, wọ́n wá ní kóun sinmi díẹ̀. Ìgbà yẹn ni Kànmí gbé oògùn dé nínú àpò ọ̀rá. Ọ̀rọ̀ tó sọ, a ti gbọ́ ọ.

Màdáámù Morìnsọ́lá wá kí wọn kú ọ̀fọ̀. Òun àti àwọn èèyàn ẹ̀ wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé. Wọ́n sunkún, wọ́n sì sunkún dáadáa. Lẹ́yìn náà ló fa Kànmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Kápúsù méjì ló ń lò. Mo sọ fún un pé mẹ́rin ni."

Kànmí yíjú sí ògiri.

"Tí wọ́n bá bi ẹ́ léèrè, ọ̀tá ni. Ilé ayé yìí, wọn ò fẹ́ kéèyàn dìde. Má dárúkọ àtọ̀gbẹ o. O mọ iye ẹ̀mí tí Bọ̀ọ̀dá ẹ fún nírètí?"

"Òun náà ní kí n má sọ, mà."

"Ṣó o rí i? Èèyàn ńlá!" Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "O jọ ọ́ o. Tó o bá de táì báyìí, ipò yẹn ò ní ṣófo."

Kànmí ní òun ò mọ̀ ọ́n dè.

Ó pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Wọ́n bi í lójú oórì, ó ní àìsàn ni. Wọ́n ní irú àìsàn wo, ó ní Ọlọ́run ló mọ̀. Orúkọ Bọ̀ọ̀dá ṣì ń dán lórí òpó, èrò ṣì ń pè é ní Dókítà. Ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin yẹn fi sílẹ̀ láyé nìyẹn, Kànmí ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa fọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó gun bíríìjì lọ wá iṣẹ́. Ìlà gùn, kò sún. Ẹnì kan pè é látojú fèrèsé tírélà kan.

"Kànmí! Dókítà dà? Oògùn mi ti tán!"

Ebikabowei ni. Ó ti rù, ẹ̀wù ń fẹ́ lára ẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fi àkísà wé e. Kànmí gun àtẹ̀gùn tírélà. Kó tó débi ilẹ̀kùn, òórùn náà ti pàdé ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ó di irin ilẹ̀kùn mú, kò lè wọlé, kò lè sọ̀ kalẹ̀.

"Dókítà ti kú, Ọ̀gá Ebi."

"Chai! Mo gbọ́ ọ, mo ní irọ́ ni. Wọ́n ní àwọn ọ̀tá ló ṣe é. Ayé burú o." Ó mi orí. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ lò ń gbé báàgì báyìí? Fún mi ní méjì."

Kànmí wo ẹsẹ̀ náà. Ohùn Bọ̀ọ̀dá wà létí ẹ̀, ó ní kó má jẹ́ kí wọ́n rí i.

"Kì í ṣe ọ̀tá. Àtọ̀gbẹ ló pa á."

"Kí lo wí?"

"Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ rí i tó ń dán, ti ọsibítù ló ń lò. Èmi ni mò ń bá a gbà á. Ìgbà tó fi í sílẹ̀, tó gbára lé ewé, ló kú. Ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe rí gan-an nìyí."

Ebikabowei sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó bú u. Ó fi Yorùbá bú u, ó fi Píjìn bú u, ó bọ́ sí èdè ilé wọn. "Ẹni tó bọ́ ẹ! Tó fi ẹ̀yìn ẹ̀ pọ̀n ẹ́! Ilẹ̀ ẹ̀ ò tíì gbẹ, lo bá ń pè é ní òpùrọ́! You no get shame?"

Kànmí dúró sórí àtẹ̀gùn. Ó jẹ́ kó bú u tán. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀, kò nù ún.

Ìyẹn ni Ebikabowei rí. Ó tú àkísà ẹsẹ̀, ó wò ó, ó sì yára wé e padà.

"Mo ju tèmi sínú omi," ó ní. "Ìwọ náà wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa lọ ọsibítù."

"Ìlà ńkọ́? Mo ti wà lórí bíríìjì yìí látọjọ́ wo? Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, ó parí nìyẹn."

"Èmi á jókòó síbẹ̀."

"Tó bá sún?"

"Màá sún un. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Ebikabowei wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, bí ẹni tí wọ́n ní kó fi ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ kalẹ̀, Kànmí dì í lápá. Ọlọ́kadà kan dúró.

"Tó o bá ba kílọ́ọ̀ṣì mi jẹ́," ó pariwo látẹ̀yìn ọ̀kadà, "màá gé ọwọ́ ẹ kí wọ́n tó gé ẹsẹ̀ mi!"

"Ẹ sọ fún wọn pé àtọ̀gbẹ ni o!" Kànmí kígbe tẹ̀lé e. "Àtọ̀gbẹ ni kẹ́ ẹ sọ!"

Àwọn onítírélà méjì yọ orí láti wo ẹni tó ń pariwo. Ọ̀kadà yà, ó pòórá láàárín ọkọ̀.

Kànmí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ìgò mínírà kún abẹ́ ìjókòó, bébà búrẹ́dì kún orí ẹ̀. Ó kó wọn sínú kátọ̀n kan. Lẹ́yìn wákàtí kan, ọkọ̀ iwájú sún díẹ̀. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó rọra tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó sún tẹ̀lé e, ó pa á. Eruku ti bo gíláàsì iwájú, kò ríran dáadáa. Ó wá àkísà kan tó mọ́ díẹ̀, ó da omi inú ọ̀rá sí i, ó yọ ara síta lójú fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì náà láti òkè wá sísàlẹ̀.